Ẹni Tí Wọ́n Fi Ṣe Èèkàn

Ẹnubodè Nùrásì kì í yá ara fún ẹnikẹ́ni. Kódà kí o ti fa òkè yìnyín láti ìlú òtútù yẹn dé Èkó àti Kútọnu kí o sì bọ̀ láàyè, ilẹ̀kùn irin yẹn á kọ́kọ́ gbóòórùn rẹ, á tẹjú mọ́ ọ, á ní kí o pe orúkọ ìyá tó bí ọ, á ní kí o wúkọ́ kí òun gbọ́ bóyá àìsàn wà láyà rẹ. Lẹ́yìn náà ni yóò wá máa ṣí díẹ̀díẹ̀ bí ahun tí àlejò dé bá nídìí oúnjẹ. Nítorí náà, nígbà tí Ìbíwùmí gorí èbúté tó rí i pé ilẹ̀kùn náà ti là gbayawu kí òun tó sún mọ́ ọn, ó dúró. Ẹni tí kì í kí ni tó wá ń rẹ́rìn-ín síni, ó mọ ohun tó fi pamọ́ sẹ́yìn.

"Ẹ káàbọ̀ sílé, Èèkàn," ni ilẹ̀kùn wí.

Ìbíwùmí wo ẹ̀yìn. Bọ̀dá Ikúmápàyí nìkan ló wà níbẹ̀, igbákejì rẹ̀ nínú ọkọ̀, ọmọ Ìlàjẹ tó ti ń tukọ̀ kí wọ́n tó bí Ìbíwùmí. Ó gbé àpò aṣọ tirẹ̀ àti ti ọ̀gá rẹ̀ sí èjìká.

"Ta ló ń kí?"

"Èmi kọ́ o," ni Bọ̀dá Ikúmápàyí dáhùn. "Ìyàwó mi wà nínú ìlú, kò tíì di èèkàn ẹnì kankan. Àbí orí ilẹ̀kùn yìí ti dàrú ni? Òtútù tó ń pa èèyàn, kí ló dé tí kò ní pa irin?"

Ìbíwùmí fẹ́ rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò tíì dé ètè tí ẹ̀gbà aláwọ̀ aró fi tú lọ́rùn ọwọ́ rẹ̀. Láti ọjọ́ tó ti di adarí òkè yìnyín, ẹ̀gbà yẹn ò kúrò lára rẹ̀ rí. Ó ń fi wẹ̀, ó ń fi sùn, ó ti fi lu ọkùnrin kan lẹ́nu rí ní Kútọnu. Ó já bọ́, ó yí gbirigbiri lórí kọnkéré, ó sì kú síbẹ̀ bí owó ẹyọ tí kò ṣeé ná mọ́. Lẹ́sẹ̀ kan náà ni àpótí kékeré kan yọ jáde lára ògiri bí ahọ́n. Ẹ̀gbà mìíràn wà nínú rẹ̀, dúdú, fífẹ̀, ti ọrùn ẹsẹ̀. Ó la ẹnu sílẹ̀ bíi pàkúté.

Ìbíwùmí mọ̀ ọ́n. Ta ni kò mọ̀ ọ́n ní Nùrásì? Ẹsẹ̀ Gbádébọ̀ ọkọ rẹ̀ ló yẹ kó wà.

"Ẹ má gbé ẹsẹ̀!" Ohùn ọmọbìnrin kan ké láti ojú fèrèsé aṣọ́bodè. "Ẹ̀gbọ́n Ìbíwùmí, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tẹ ìlà funfun yẹn. Tẹ́ ẹ bá ti tẹ̀ ẹ́, ó parí!"

Tinúadé ni, ọ̀kan nínú àwọn aṣọ́bodè. Nùrásì ni wọ́n bí i sí, ọmọ Ìjẹ̀bú làwọn òbí rẹ̀. Yorùbá rẹ̀ jẹ́ Yorùbá inú ilé ìdáná, tó dáńgájíá tó bá kan kó báni wí. Ó yọ orí jáde, ó wo ọ̀tún, ó wo òsì, bí ẹni tó fẹ́ jí ẹran nínú ìkòkò.

"Tinú, kí ni ilẹ̀kùn yín mu yó?"

"Kò mu nǹkan kan, Ẹ̀gbọ́n. Ọkọ yín ló pààrọ̀ yín."

"Pààrọ̀ mi kẹ̀? Aṣọ ni mí?"

"Àyè yín ló pààrọ̀. Òun ló ni ìrìn báyìí. Ẹ̀yin lẹ di èèkàn. Tẹ́ ẹ bá wọlé, ẹ ò jáde mọ́ o, àfi tó bá kú, tàbí tó bá fẹnu ara rẹ̀ tú yín sílẹ̀."

Ìbíwùmí wo ìlà funfun náà. Bàtà rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kàn án.

Òfin ni. Òkè yìnyín kan tó bá dé Èkó láìyọ́, omi mímu gbogbo ìlú ni, nítorí pé nígbà tí à ń wí yìí, kànga ilé wa ti ń pọ iyọ̀. Ṣùgbọ́n ẹni tó ń fa òkè náà lè yí orí ọkọ̀ padà lójú agbami kó tà á fún èbúté tó bá lówó jù. Wọ́n ṣe é rí, kì í ṣe ẹ̀ẹ̀kan. Látìgbà náà ni Nùrásì ti ní kí ẹni tó bá fẹ́ darí yìnyín mú ẹnì kan tí kò lè fi sílẹ̀ wá, kí àwọn kàn án mọ́lẹ̀ bí èèkàn. Ewúrẹ́ tí ọmọ rẹ̀ wà ní ìso kì í jẹ jìnnà. Ìfẹ́ ni wọ́n ń lò bí okùn ní ìlú yẹn, wọn kì í sì í tijú láti sọ ọ́.

Gbádébọ̀ fúnra rẹ̀ ló ní kí wọ́n jọ wá. Awọnlẹ̀ ni nílé, ní Ìlárá, ọkùnrin tó mọ ààlà oko gbogbo ènìyàn. Nígbà tí iṣẹ́ yìnyín pe Ìbíwùmí, tí gbogbo ẹbí ń wí pé obìnrin kì í ṣe darandaran, kí á má tíì sọ darandaran òkè yìnyín, òun ló dìde láàrin wọn tó ní, "Ibi tó bá ń lọ ni mò ń lọ." Ó ki ẹsẹ̀ bọ ẹ̀gbà dúdú náà tẹ̀ríntẹ̀rín, ó ní ó dà bíi ìlẹ̀kẹ̀. Ìbíwùmí sunkún lọ́jọ́ náà. Ó rò pé kò sí obìnrin tí wọ́n fẹ́ràn tó bẹ́ẹ̀ rí.

"Kò lè ṣe é," ni Ìbíwùmí wí. "Kò lè dá a ṣe. Èmi gbọ́dọ̀ fẹnu mi yọ̀ǹda."

Tinúadé rẹ ojú sílẹ̀. "Ẹ yọ̀ǹda, Ẹ̀gbọ́n. Etí gbọ́ ọ."

"Orí rẹ dà? Etí wo? Nígbà wo?"

"Etí ilé yín. Kó tó di pé ẹ jáde lọ ìrìn yìí."

Bọ̀dá Ikúmápàyí sọ àwọn àpò kalẹ̀. Ọ̀rọ̀ ti wúwo ju àpò lọ.

Ìwé ò já mọ́ nǹkan kan mọ́ ní ayé tí wọ́n wà yìí. Ẹ̀rọ ti kọ ìwé irọ́, ó ti ya àwòrán irọ́, títí ìwé àti àwòrán fi tẹ́ pátápátá. Ọ̀rọ̀ tó bá ti ẹnu alààyè jáde níwájú Etí nìkan ló kù tí ilé ẹjọ́ ń gbà. Kò sí ilé tí kò ní Etí tirẹ̀ lókè ẹnu ọ̀nà, ó rí bí karawun ìgbín. Tí o bá wí pé, "Etí, gbọ́," iná pupa á tàn nínú rẹ̀. Ohun tí o bá sọ lábẹ́ iná pupa, o ti sọ ọ́ nìyẹn. Kò sí "mi ò ní in lọ́kàn."

"Jẹ́ kí n gbọ́ ọ," ni Ìbíwùmí wí.

"Ẹ̀gbọ́n, èyí tẹ́ ẹ sọ nìkan ni wọ́n ní kí n..."

"Tinúadé. Láti ìbẹ̀rẹ̀."

Ọmọbìnrin náà tún wo ọ̀tún wo òsì. Ó tẹ nǹkan. Ohùn kan jáde láti ara fèrèsé, ohùn kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́ tí Ìbíwùmí mọ̀ ju ti ara rẹ̀ lọ, nítorí létí rẹ̀ ló ti máa ń sọ̀rọ̀ lórí ibùsùn.

"Etí, gbọ́," ni Gbádébọ̀ wí, wúyẹ́wúyẹ́.

Ohùn àgbà obìnrin kan tẹ̀ lé e láti inú dígí ìsọ̀rọ̀ tó ń gbé ohùn àti àwòrán wá láti ilé: "Ṣó ti tàn?"

Ìyá Ìlárá nìyẹn, àbúrò ìyá Gbádébọ̀. Òun ló dúró bí ìyá fún Ìbíwùmí lọ́jọ́ ìgbéyàwó nítorí ìyá tirẹ̀ ti kú. Obìnrin tó ń fi ẹ̀gúsí lílọ̀ ránṣẹ́ sí i láti ilé.

"Ó ti tàn, Màmá," ni Gbádébọ̀ dáhùn. "Ẹ ṣáà rí i pé ó kúnlẹ̀ dáadáa. Tó bá gbójú sókè, á rí i."

"Fi ìyẹn sílẹ̀ fún mi. Ṣé èmi ni wọ́n máa kọ́ bí wọ́n ṣe ń bá ìyàwó sọ̀rọ̀? Ó ti ń bọ̀, pa ẹnu dé."

Ilẹ̀kùn dún. Ẹsẹ̀ wọlé. Ìbíwùmí gbọ́ ohùn ara rẹ̀, tí àárẹ̀ wà nínú rẹ̀, tó ń kí Ìyá Ìlárá pé ẹ kú alẹ́ Màmá, ṣé dáadáa lẹ wà, ṣé orúnkún yín ti fúyẹ́.

Ó rántí ọjọ́ náà. Ìjà wà nílẹ̀. Gbádébọ̀ ti ní kó má lọ ìrìn yẹn nítorí àyájọ́ ikú ìyá òun. Ó ní bí òun ò tilẹ̀ lè délé, kí àwọn jọ jókòó ṣe ìrántí rẹ̀. Ìbíwùmí ní yìnyín kì í dúró de àyájọ́. Gbádébọ̀ bínú, kò jẹun, kò fọhùn. Ni Ìyá Ìlárá bá bá wọn dá sí i.

"Ìbíwùmí, ìyàwó mi," ni ohùn àgbà náà wí nínú Etí, tó dùn bí oyin inú àgé. "Èmi ò ní o jẹ̀bi o. Ṣùgbọ́n ẹni tó jàre ló ń bẹ̀bẹ̀. Kúnlẹ̀ fún ọkọ rẹ. Hẹn-ẹn. Tẹrí ba, ìwọ ọmọ yìí. Ṣé ojú lo fẹ́ fi bẹ̀ ẹ́ ni? Ilẹ̀ ni à ń wò tí à bá ń bẹ̀bẹ̀. Fi iwájú orí kàn án. Ó káre."

"Ẹ má bínú, olówó orí mi," ni ohùn Ìbíwùmí wí. Ohùn náà ń ti orí ilẹ̀ bọ̀.

"Sọ pé ibi tó bá ní kó o jókòó lo máa jókòó sí."

"Ibi tí ẹ bá ní kí n jókòó ni màá jókòó sí."

"Sọ pé tó bá jẹ́ ìrìn náà ló fẹ́, kó gbà á."

Ohùn Ìbíwùmí rẹ́rìn-ín díẹ̀, ẹ̀rín ẹni tó fẹ́ kí ọ̀rọ̀ parí kóun lọ sùn. "Tó bá jẹ́ ìrìn náà lẹ fẹ́, ẹ gbà á. Mo yọ̀ǹda. Ta ni mo ní lẹ́yìn yín?"

"Ọlọ́run á gbè ọ́. Gbádébọ̀, fà á dìde. Ó ti tán."

Etí dákẹ́.

Ìbíwùmí dúró gbagidi. Afẹ́fẹ́ òkun ń fẹ́ gèlè rẹ̀. Oòrùn Nùrásì, tí kì í wọ̀ ní àsìkò yẹn, wà lókè, ó ń wò ó láìsẹ́jú. Ó rántí pé Gbádébọ̀ fà á dìde lóòótọ́. Ó gbá a mọ́ra. Ó gbé orí rẹ̀ mọ́ àyà, ó sì mú un síbẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, Ìbíwùmí sì rò pé ìfẹ́ ni. Kò mọ̀ pé ó ń dúró kí iná kú ni.

"Wọ́n fi ẹ̀bẹ̀ dẹ pàkúté sílẹ̀ fún yín," ni Bọ̀dá Ikúmápàyí wí jẹ́jẹ́. "Ẹ̀bẹ̀! Ohun tí à ń fi tún ilé ṣe!"

Àwọn tó ṣòfin Nùrásì, ojúkojú ni wọ́n fi ń bẹ ara wọn, lórí ìdúró, bí ẹni tó fẹ́ jà. Kò wá sí wọn lọ́kàn rí pé èèyàn wà láyé tó lè sọ ọ̀rọ̀ gígùn báyẹn kó má gbójú sókè kúrò nílẹ̀. Ọmọ wa nìkan ló lè jìn sí kòtò yìí, ọmọ wa náà ló sì gbẹ́ ẹ.

"Ẹ̀gbọ́n," ni Tinúadé wí. Ohùn rẹ̀ ti yí padà, ó di ohùn iṣẹ́. Iná pupa ti tàn lórí fèrèsé rẹ̀. "Mo gbọ́dọ̀ bi yín léèrè kan, Etí sì ń gbọ́. Òfin ní a kì í pe Etí ní ìkọ̀kọ̀. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ rí iná. Ṣé ẹ rí iná, àbí ẹ ò rí i?"

"Tí mi ò bá rí i ńkọ́?"

"A jẹ́ pé wọ́n jí ohùn yín. Ẹ̀gbà yín á padà sí ọwọ́ yín lójú ẹsẹ̀."

"Gbádébọ̀ ńkọ́?"

"Kòtò."

Bọ̀dá Ikúmápàyí fa èémí. Inú kòtò ni àwọn ẹlẹ́wọ̀n ti ń gbẹ́ inú òkè yìnyín kí okùn lè gba ibẹ̀ kọjá. Ọkùnrin tó bá wọ ibẹ̀ pẹ̀lú ìka mẹ́wàá kì í sábà fi mẹ́wàá jáde.

"Ìrìn mi ńkọ́, nígbà tí èèkàn mi bá wà nínú kòtò?"

"Kò ní nǹkan kan ṣe. Èèkàn tó wà nínú kòtò, èèkàn náà ni. Ó tilẹ̀ dúró dáadáa ju ti ilé lọ."

Ìbíwùmí ò mọ̀gbà tó rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín burúkú ni. Gbogbo ohun tó fẹ́ wà níwájú rẹ̀ lórí àwo: ọkọ̀ rẹ̀, okùn rẹ̀, agbami tó mọ orúkọ rẹ̀. Kò ní purọ́ rárá. Òtítọ́ pọ́ńbélé ló máa sọ. Ìyẹn ló burú jù níbẹ̀.

"Kí ló tún kù?"

"Ẹ lè ní ẹ rí iná. Kí ẹ wọlé, kí ẹ wọ ẹ̀gbà dúdú."

"Mo ní kí ló tún kù, Tinú?"

Ọmọbìnrin náà fa ètè rẹ̀ mu. "Ẹ lè kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Tí kò bá sí ìgbéyàwó, kò sí èèkàn. Tí kò bá sí èèkàn, kò sí adarí. Ẹ̀yin méjèèjì á di àlejò, wọ́n á sì ní kí ẹ kúrò. Ṣùgbọ́n ẹ ò ní fọwọ́ kan okùn yìnyín mọ́ láéláé o. Ní èbútékébùúté. Gbogbo wọn ló ń gbọ́ láti ẹnu Etí wa. Ẹ̀gbọ́n, ẹ má ṣe ìyẹn. Ẹ jọ̀ọ́."

Kí Ìbíwùmí tó fèsì, ó rí i.

Lẹ́yìn dígí gbọ̀ngàn tí àwọn arìnrìn-àjò ti ń dúró, Gbádébọ̀ ń bọ̀ pẹ̀lú àpò lọ́wọ́. Ó wọ ẹ̀wù adarí, aláwọ̀ ìyeyè, tuntun gbòò, tí ìlà bí wọ́n ṣe ká a ṣì wà láyà rẹ̀. Kò wo ilẹ̀ bí ẹni tó jalè. Ó rìn dé ìdí dígí, ó gbé ọwọ́ lé e.

"Wùmí."

"Má pe orúkọ mi kúrú." Láti ọjọ́ tí wọ́n ti fẹ́ra, "ẹ̀yin" ni Ìbíwùmí ń pè é. Ó ti tán. "Kí lo wọ̀ yẹn?"

"Jẹ́ kí n ṣàlàyé."

"Ṣàlàyé. Iná wà níbẹ̀ yẹn, wò ó dáadáa. Èmi kì í tan iná pamọ́."

Gbádébọ̀ wo iná náà. "Nígbà tí ìyá mi kú, ibi tí mo dúró sí yìí náà ni mo dúró sí. Mo bẹ ilẹ̀kùn. Ìbíwùmí, ọkùnrin bí èmi, mo ń bẹ ilẹ̀kùn! Ó ní adarí mi wà lókun, kí n ní sùúrù. Inú dígí ni mo ti wò ó bí wọ́n ṣe ń bo ìyá mi mọ́lẹ̀. Ọmọ aládùúgbò ló da iyẹ̀pẹ̀ tó yẹ kí n dà."

"Mo wà lójú agbami! Kí ni kí n ṣe, kí n já okùn?"

"Ojú agbami lo máa ń wà. Nígbà tó o bá wà nílé náà, ibẹ̀ lo wà. O ń sùn, ọwọ́ rẹ ń fa okùn. Èmi ń sọ̀rọ̀, o ń ní 'hẹn, hẹn', bí ẹni tí ẹ̀fúùfù ń dí létí."

"Kí ló dé tó ò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún ọ. Mo ní jẹ́ ká pààrọ̀ fún ìgbà díẹ̀, kí n délé kí n padà. O rẹ́rìn-ín. O ní ta ló máa gbé òkè yìnyín lé awọnlẹ̀ lọ́wọ́, kó lọ máa fi okùn wọn òkun."

Ọ̀rọ̀ náà dé ibi tó yẹ kó dé. Ìbíwùmí rántí ẹ̀rín yẹn. Ó dùn ún lẹ́nu lọ́jọ́ náà. Ó tilẹ̀ sọ ọ́ fún àwọn ọmọ ọkọ̀, wọ́n sì jọ rẹ́rìn-ín sí i.

"Mo rẹ́rìn-ín," ó ní. "Òótọ́ ni, mi ò sì ṣe dáadáa. O lè bá mi jà. O lè lé mi síta nínú òtútù. O lè fi iyọ̀ sínú ọbẹ̀ mi títí màá fi gbọ́. Ṣùgbọ́n o dúró lókè orí mi, mo wà nílẹ̀ bí ẹran, o sì ń wo iná."

"Lẹ́ẹ̀kan péré ni mo fẹ́ lọ."

"Irọ́ ńlá! Ẹ̀wù tó wà lọ́rùn rẹ yẹn, wọ́n wọn apá rẹ, wọ́n wọn àyà rẹ kí wọ́n tó rán an. Lẹ́ẹ̀kan péré kì í dá aṣọ, Gbádébọ̀."

Bọ̀dá Ikúmápàyí tú itọ́ sínú òkun.

"Èèkàn," ni ilẹ̀kùn wí, pẹ̀lú ohùn dídùn rẹ̀ yẹn, "ilé ń dúró dè yín."

"Ẹ̀gbọ́n, wọ́n ń retí ìdáhùn," ni Tinúadé wí láti ojú fèrèsé. "Ṣé ẹ rí iná, àbí ẹ ò rí i?"

Ìgbà náà ló ṣẹ̀ṣẹ̀ yé Gbádébọ̀. Ojú rẹ̀ funfun bí ẹfun. "Wọ́n jẹ́ kó o gbọ́ ti ìbẹ̀rẹ̀?"

"Títí kan ìgbà tí Ìyá Ìlárá ní ká má kọ́ òun."

"Wùmí. Wùmí mi." Ó gbé ọwọ́ kejì lé dígí. "Má sọ pé o kò rí i. Mo bẹ̀ ọ́. Wọ́n á gbé mi lọ sí kòtò. Sọ pé o rí i, kó o wọlé. Màá padà wá tú ọ sílẹ̀, mo ń sọ fún ọ, màá padà!"

Ìbíwùmí sún mọ́ dígí, ṣùgbọ́n kò tẹ ìlà. Ó wo ojú rẹ̀. Ojú yẹn náà ni, ojú tó dìde láàrin ẹbí ní Ìlárá. Nǹkan kan nínú rẹ̀ rọ̀ wọ̀ọ̀. Tí ọkùnrin yìí bá lè sọ gbólóhùn kan péré, ó ṣeé ṣe kóun ki ẹsẹ̀ bọ ẹ̀gbà náà. Òun náà ti kàn án mọ́lẹ̀ fún ìgbà pípẹ́.

"Nígbà wo?" ó bi í. "Nígbà wo lo máa padà tú mi sílẹ̀? Dá ìgbà. Sọ ọ́ síbí, èmi àti ìwọ, Etí ń gbọ́. Mi ò bèèrè nǹkan mìíràn lọ́wọ́ rẹ."

Gbádébọ̀ la ẹnu. Ojú rẹ̀ gòkè lọ síbi iná pupa. Ọ̀rọ̀ tó bá sọ níbẹ̀ á dè é. Òun náà mọ̀. Ó wo iná náà bí ẹni tó ń wo ejò lẹ́nu ọ̀nà, ó wo òkun lẹ́yìn Ìbíwùmí, òkun tó lọ salalu.

Ó pa ẹnu dé.

Kò sí ohun tí Ìbíwùmí ti gbọ́ lọ́jọ́ náà tó dùn ún tó ẹnu tó pa dé yẹn. Ti ẹ̀bẹ̀, èèyàn lè ní ìbínú ni, lè ní àgbà ló tì í. Ṣùgbọ́n èyí, ojú rẹ̀ là kedere.

"Ó dáa," ni Ìbíwùmí wí. "O ṣé tó ò purọ́."

Ó yíjú sí fèrèsé.

"Tinúadé, ìbéèrè rẹ yẹn, mi ò dáhùn ẹ̀."

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ gbọ́dọ̀..."

"Mi ò dáhùn ẹ̀! Mi ò ní fi òtítọ́ mi sin ẹnikẹ́ni sínú yìnyín kí n wá máa fa okùn kọjá lókè orí rẹ̀. Etí, gbọ́. Èmi Ìbíwùmí, ọmọ Àṣàbí, mo kọ Gbádébọ̀. Èmi kì í ṣe ìyàwó rẹ̀, òun kì í ṣe ọkọ mi. Mi ò kàn án mọ́lẹ̀, kò sì lè kàn mí. Mo ti sọ ọ́ tán."

"Ọ̀gá!" Bọ̀dá Ikúmápàyí di orí mú. "Ọ̀gá, iṣẹ́ yín! Ọ̀gá, òkun yín!"

Iná pupa ṣẹ́jú, ó kú. Àpótí ara ògiri fa ẹ̀gbà dúdú rẹ̀ wọlé. Ẹ̀gbà aláwọ̀ aró tó wà nílẹ̀ yọ́ bí epo, ó di ẹrẹ̀ kékeré kan. Ìbíwùmí wò ó títí ó fi tán, kò ṣẹ́jú. Tinúadé ń sunkún lójú fèrèsé, kò sì jẹ́ kí iṣẹ́ dúró: ó nawọ́ sí Gbádébọ̀ láti inú, ó gba ẹ̀wù adarí lọ́rùn rẹ̀.

"Ẹ̀yin àlejò méjì," ni ilẹ̀kùn wí. Ohùn dídùn ti tán lẹ́nu rẹ̀. "Ẹ bá ọkọ̀ tó wà ní èbúté lọ. Ikúmápàyí, ìyàwó yín wà nínú ìlú, òun ni èèkàn yín. Ẹ̀yin ni adarí."

"Èmi?" ni Bọ̀dá Ikúmápàyí wí, bí ẹni tí wọ́n gbé òkú lé lọ́wọ́.

Gbádébọ̀ jáde. Kò sí nǹkan tó dún bó ṣe tẹ ìlà funfun, kò sí nǹkan tó dá a dúró. Ó dúró lórí èbúté nínú ṣẹ́ẹ̀tì fẹ́lẹ́, òtútù ń gbọ̀n ọ́n, ó ń mí afẹ́fẹ́ òkun sínú bí ẹni tí wọ́n yọ lódò. Ọkọ̀ kan ṣoṣo ló wà níbẹ̀. Gbogbo wọn mọ ọkọ̀ tó jẹ́.

"Bọ̀dá," ó ní, "ẹ jọ̀ọ́. Ẹ gbé mi dé Èkó."

Ìbíwùmí ni Bọ̀dá Ikúmápàyí kọjú sí. "Ọ̀gá, ṣé ká gbé e ni, àbí ká fi í sílẹ̀ fún ẹja?"

"Ẹ yé pè mí ní ọ̀gá. Ẹ̀yin lẹ ni ọkọ̀."

"Mo mọ̀. Mo ṣì ń bi yín."

Ìbíwùmí gba àpò rẹ̀ lọ́wọ́ àgbà náà, ó gbé e kọ́ èjìká ara rẹ̀. Ó kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ Gbádébọ̀ débi pé aṣọ wọn kanra, ó fi ẹsẹ̀ lé àkàbà ọkọ̀.

"Èrò ni," ó ní. "Ẹ gbé e bí ẹ ṣe ń gbé èrò. Ṣùgbọ́n ẹ wí fún un kó tó gorí ọkọ̀: òkun yìí ń mú èrò bì. Kò sì sí ẹni tó máa bá a di garawa mú."